Ẹyin Kan, Ẹ̀jẹ̀ Méjì

Wọ́n fa Jọkẹ́ wọ àgọ́ ọlọ́pàá Ìbàfò ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2004. Gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù fún un. Ọkùnrin mẹ́rin ló yí i ká. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé ìgò òtapiápiá kan kalẹ̀ sórí tábìlì mi.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, òun rèé. Májèlé tó fi pa ọmọ wa rèé."

"Ọmọ yín ti kú ni, Bàbá?"

"Kò tíì kú. Ó ń kú lọ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú, ó dé ìbàdí, ó dé ọwọ́. Lánàá, èémí ò fẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá l'Ékòó."

Bàbá Àbáyọ̀mí lorúkọ rẹ̀, olórí ẹbí kan ní Ọ̀fàdà. Ó ní ọmọ yẹn ló kọ̀ kí wọ́n ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún àwọn ará Èkó tó ń kọ́lé, àti pé Jọkẹ́, ìyàwó ìbejì rẹ̀, ló ń ti ọkọ tirẹ̀ pé kí wọ́n tà á. Ilé Jọkẹ́ lọmọ náà ti jẹun kẹ́yìn ní Mowé.

Mo mú kálàmù. "Kí lorúkọ ọmọ náà?"

"Táyé. Táyé Ọ̀ṣuntóyìn."

Kálàmù dúró sójú kan lọ́wọ́ mi.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Ìfọ̀ ni mo padà sí. Bí mo bá jókòó síwájú ilé nírọ̀lẹ́, mo ṣì máa ń rí àwọn ìbejì Ọ̀ṣuntóyìn bí wọ́n ṣe rí ní kíláàsì kejì: ṣòkòtò kan náà, orí fífá kan náà, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, wọ́n ń ka kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ìyá wọn ń ránṣọ nítòsí ibùdó ọkọ̀ náà. Wọ́n máa ń pààrọ̀ ìjókòó, wọ́n á pààrọ̀ sílétì, tíṣà á sì na ẹni tí kò ṣẹ̀. Èmi nìkan ni wọn ò lè tàn jẹ. Táyé a máa rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí. Kẹ́hìndé á gbọ́ ọ tán ná.

Ó yẹ kí n sọ fún ọ̀gá mi pé mo mọ̀ wọ́n. N kò sọ. Mo ní kí wọ́n fún obìnrin náà lómi, mo sì ní kí àwọn ọkùnrin náà jáde.

"Kí lẹ jọ jẹ?"

"Ìrẹsì Ọ̀fàdà àti adìyẹ sísun, mà. Ọjọ́ ìbí wọn ni. Ọdọọdún ni Bùọ̀dá Táyé ń wá bá wa jẹun lọ́jọ́ náà."

"Ọjọ́ wo?"

"Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó kọjá."

Mo kà á. Ọjọ́ méjìdínlógún. "Báwo lo ṣe bù ú?"

"Àwo méjì, mà. Búlúù ti ọkọ mi, funfun ti Bùọ̀dá. Èmi àti Delight, ọmọ mi, jẹ tiwa nínú ìkòkò."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Inú gbogbo wa ló ṣí, ìgbẹ́ gbuuru ni. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ti ọkọ mi àti ti Bùọ̀dá. Nígbà tí inú wa dúró, a gbàgbé rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn kí Bùọ̀dá tó pè mí lórí fóònù pé ẹsẹ̀ òun méjèèjì ń ṣe òun bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì kò lè gun àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kẹta kò lè gbé ife."

"Ìwọ ló pè? Kò pe ìbejì rẹ̀?"

"Èmi ló máa ń pè bí ara rẹ̀ ò bá yá, mà."

"Ìgò yìí ńkọ́?"

"Ti eku ni. Wọ́n ń jẹ aṣọ wa."

"Ọkọ rẹ dà?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó wà nílé nígbà tí wọ́n ń fà mí jáde. Ó ń wò wá. Kò sọ nǹkan kan."

*

Ìgò náà ni mo kọ́kọ́ tẹ̀lé. Yésúfù ló ń ta òtapiápiá ní ọjà Mowé nígbà yẹn. Ọjà náà kò tíì tóbi. Láti ìsọ̀ rẹ̀, ojú èèyàn lè ríran kọjá pápá títí dé ibi tí àwọn igi ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ èyí fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí, wọ́n á ní mò ń purọ́.

Yésúfù yí ìgò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Okùn mi rèé, mà. Ọ̀rá tí mo fi dé e rèé. Wọn ò tíì ṣí i."

"Nígbà wo lo tà á?"

Ó ronú. "A sọmọ lórúkọ nílé mi ní Sátidé. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni mo tún ṣí ìsọ̀, obìnrin yẹn ló sì kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kejì oṣù yìí nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ ìbí.

"Àti pé, mà," Yésúfù ní, "òtapiápiá kì í ní sùúrù. Eku gan-an kì í jẹ ẹ́ kó tún rí ọ̀la."

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá àgọ́ wa. Ó gbọ́ mi tán, ó sì mi orí. "Ìgò yẹn nìkan kọ́ ni májèlé, Fọláwẹ̀mí. Ẹbí náà ò dákẹ́, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá wa ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé obìnrin yẹn lọ sí kóòtù, àyàfi tí o bá sọ ohun tó mú ọkùnrin náà fún mi."

*

N kò ní gbàgbé bí mo ṣe bá Táyé nílé ìwòsàn l'Ékòó. Wọ́n ti ki ọ̀pá sí i lọ́fun, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń ju òkúta kọjá ojú irin wà lórí aṣọ ibùsùn bí ohun tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀.

Dókítà Rosemary ló ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ Ẹ̀dó tó gbọ́ Yorùbá dénú. "Ọpọlọ rẹ̀ pé," ó ní. "Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ bá sọ. Ẹ ní kó ṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Táyé, èmi ni. Fọláwẹ̀ ti Ìfọ̀."

Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Omi yọ lójú rẹ̀, n kò sì lè nù ún torí pé ojú mi náà ti rin.

"Wọ́n ti ti Jọkẹ́ mọ́lé. Wọ́n ní òun ló fún ọ ní májèlé. Ṣé òun ni?"

Ẹ̀ẹ̀mejì. Kíá. Ó tún ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì sí i, bí ẹni ń pariwo.

"Ṣé ìwọ àti Kẹ́hìndé jà?"

Ẹ̀ẹ̀mejì.

"Àwo funfun ni Jọkẹ́ bù fún ọ. Ṣé nínú rẹ̀ lo ti jẹun?"

Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ẹ pààrọ̀ àwo?"

Ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi nínú yàrá àìsàn yẹn, nọ́ọ̀sì sì yíjú wò mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, wọ́n ṣì ń pààrọ̀ àwo! Àmọ́ bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mo ń rò ó. Ẹni tó bá fi májèlé sínú àwo Táyé, Kẹ́hìndé ni ì bá pa. Kẹ́hìndé sì wà ní Mowé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

*

Kẹ́hìndé ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ àwo fún un, kò yà á lẹ́nu. Ó pa ẹ̀rọ tó fi ń gé irin.

"Mo mọ̀ pé a pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi wá sí àgọ́ yín."

"Kò yé mi."

"Èmi ló fẹ́ pa, Fọláwẹ̀. Táyé ló jẹ ikú mi."

Ohun tó yẹ kó tú obìnrin náà sílẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ tún fi dè é. "Kí ló máa mú Jọkẹ́ fẹ́ pa ọ́?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò títí. "Mo ní obìnrin kan ní Arépo."

"Ṣé Jọkẹ́ mọ̀?"

"N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀."

"Ṣé o bi í léèrè?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣe lóru, gbogbo òjìji ọ̀sán ló máa ń dẹ́rù bà á. Mo ti fẹ́ máa lọ nígbà tó sọ sí mi lọ́kàn pé inú gbogbo wọn ló ṣí. "Kẹ́hìndé, ta ló sun adìyẹ yẹn?"

"Èmi àti Táyé ni. Ní ẹ̀yìnkùlé, lórí èédú, bí Ìyá wa ṣe máa ń ṣe é. Ìrẹsì nìkan ni Jọkẹ́ sè."

"Ṣé ó jinná?"

"Ebi ń pa wá. Ó ṣì pọ́n díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbé ojú sókè wò mí.

Ọ̀dọ̀ Wòsílátù ni wọ́n ti ra adìyẹ náà, obìnrin tó ń ta adìyẹ inú yìnyín ní ojúlé kẹta sí ọjà. Ó kọ́kọ́ ní adìyẹ òun kò lẹ́bi. Nígbà tí mo sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí rẹ̀ kọ orúkọ èèyàn mọ́kànlá sílẹ̀ tí inú wọn ṣí lọ́sẹ̀ yẹn, ó jókòó.

"Iná ò wá fún ọjọ́ mẹ́rin, Àǹtí. Jẹnẹrétọ̀ mi bàjẹ́. Mo rò pé adìyẹ náà ò tíì bàjẹ́ jù."

*

Ọjọ́bọ̀ ni mo padà sọ́dọ̀ Dókítà Rosemary. Ó ku ọjọ́ kan. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì gbé ìwé kan síwájú mi.

"Omi tí a fà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ti fi hàn. Kì í ṣe májèlé. Kòkòrò wà nínú adìyẹ tí kò jinná, òun ló ṣí gbogbo yín nínú, àbí kí n sọ pé gbogbo wọn. Bí ó bá wọlé, ara á dá àwọn ọmọ ogun sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láti mú un. Ó dáa. Àmọ́ jíìnì kòkòrò yìí, ìyẹn àjogúnbá inú ara rẹ̀, kọ́ ọ bí a ti ń wọ ẹ̀wù ṣúgà kan, ẹ̀wù yẹn sì jọ ọ̀rá oníṣúgà tó wà lára àwọn iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Àwọn ọmọ ogun pa kòkòrò tán, wọ́n rí iṣan, wọ́n ní ọ̀tá nìyí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà á."

"Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bá a jà?"

"Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dúró ọjọ́ méjìlá kó tó bẹ̀rẹ̀. Ara nílò àkókò láti dá ọmọ ogun sílẹ̀."

Inú mi dùn, àmọ́ ohùn Bàbá Àbáyọ̀mí ń dún létí mi. Ó ti wá bá mi lánàá, ó sì ti sọ fún mi pé: "Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹyin kan ló pín sí méjì. Kò sí ohun tó wà lára Táyé tí kò sí lára Kẹ́hìndé. Wọ́n jọ jẹ ẹ́, inú wọn jọ ṣí. Bó bá jẹ́ àìsàn, méjèèjì ni ì bá mú. Nígbà tó yan ẹnì kan, èèyàn ló yàn án."

Mo sọ ọ́ fún dókítà. Ó ń ronú bí yóò ṣe là á yé mi. Èmi náà ń ronú. Mo rántí ọ̀rọ̀ kan nígbà tí mo wà ní Abẹ́òkúta: ìbejì méjì, olè kan, àti ìwé ìtẹ̀ka. Ojú wọn kò yàtọ̀, àmọ́ ìka wọn yàtọ̀, ìka náà ló sì mú ẹni tó jalè.

"Dókítà, ìka ọwọ́ ìbejì kì í dọ́gba. Ṣé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó dà bí ìtẹ̀ka?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ka ìwé rẹ̀ kọjá èjìká rẹ̀. "Ta ló kọ́ yín ní ìyẹn? Ó wà. Jíìnì tí a fi ń ṣe àwọn ọmọ ogun yẹn, a kì í jogún rẹ̀ lódindi. Àjákù àjákù ni. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gé àjákù tirẹ̀, á tò ó bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, á so ó pọ̀. Bí àìsàn bá dé, á tún máa yí i díẹ̀díẹ̀ kó lè di ọ̀tá mú ṣinṣin. Àjákù kan náà làwọn ìbejì gbà lọ́wọ́ òbí wọn. Títò rẹ̀ ni kì í bára dọ́gba láéláé."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo rí ìyá àwọn ìbejì nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Ìfọ̀, àpò àjákù aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpò kan náà ló ti rán aṣọ ìbora fún àwọn méjèèjì, kò sì sí ìgbà tí wọn kì í mọ èwo ni ti Táyé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí n kò ti ronú kan obìnrin yẹn.

"Ṣé a lè fi hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn?"

"A lè fi hàn, àmọ́ kì í ṣe níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ́nù lè yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Fún ọ̀la, màá kọ lẹ́tà fún yín."

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì ọ̀gá mi: ìgò tí wọn kò ṣí, ìwé orúkọ èèyàn mọ́kànlá, lẹ́tà dókítà. Bàbá Àbáyọ̀mí wà níbẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ àwo, mo sọ ti ìka, mo sọ ti àjákù aṣọ.

Ọ̀gá mi fọwọ́ ra àgbọ̀n. "Ṣé wàá lè sọ eléyìí níwájú adájọ́?"

"Mo lè sọ ọ́, sà. Mo sì máa sọ pé adìyẹ tó pọ́n yẹn, Jọkẹ́ kọ́ ló sun ún."

Bàbá àgbà náà gbé ìgò náà, ó wo okùn ẹnu rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bi mí pé, "Ṣé yóò yè?"

"Dókítà ní ọ̀pọ̀ wọn máa ń yè, Bàbá. Ó máa ń pẹ́ ni."

Ọ̀gá mi ní kí n tú Jọkẹ́ sílẹ̀. Bàbá dìde, ó tẹ̀ lé mi lọ sí àtìmọ́lé, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún Jọkẹ́ pé kó máa bọ̀. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Jọkẹ́ kò béèrè ọ̀nà ilé. Ó ní ọ̀nà ilé ìwòsàn ni kí n fi hàn òun. Fún oṣù méjì gbáko, òun ló ń bá Táyé na ẹsẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ. Kẹ́hìndé a máa wá lọ́sàn-án, nígbà tí Jọkẹ́ kò bá sí níbẹ̀.

Èsì Lọ́ńdọ́nù dé ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò náà jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìbejì méjèèjì. Kòkòrò kan náà ló mú wọn. Àmọ́ ti Táyé nìkan ló di ọ̀rá oníṣúgà ara iṣan mú. Ti Kẹ́hìndé kàn án, ó kọjá lọ. Mo gbé ìwé náà lọ bá Kẹ́hìndé níbi iṣẹ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó jókòó sórí irin tí kò tíì gé, ó sì sunkún bí ọmọ kíláàsì kejì.

Wọ́n yọ ọ̀pá lọ́fun Táyé nínú oṣù kẹwàá. Nígbà yẹn, Jọkẹ́ ti kó Delight lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ajúwọ̀n.

Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e ni Táyé ránṣẹ́ pè mí. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Ó ní kí n fi ọkọ̀ mi gbé òun àti ìbejì òun lọ sí Ajúwọ̀n, torí pé Kẹ́hìndé kò lè dá lọ. Jọkẹ́ ń sá aṣọ nígbà tí a wọlé. Kẹ́hìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku àgbàlá.

"Ẹ dìde, Bàbá Delight. Aṣọ yín."

Kò dìde.

"Mi ò bínú pé ẹ fura sí mi," Jọkẹ́ ní. "Ẹnikẹ́ni lè fura. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wà níbẹ̀, ẹ ò wá bi mí. Ìbéèrè kan péré ni. 'Jọkẹ́, ṣé ìwọ ni?' Ǹ bá ti dá yín lóhùn."

"Ẹ̀rù ló bà mí." Ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Obìnrin kan wà, Jọkẹ́. Ní Arépo. Mo ti fi í sílẹ̀, àmọ́ ó wà."

"Mo mọ̀."

Ó gbórí sókè.

"Mo ti mọ̀ láti ọdún tó ṣáájú," ó ní. "Mo sì ń se oúnjẹ yín."

Jọkẹ́ gbọn aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í kọ́ sórí okùn, ó wọlé lọ. Ó gbé àga kan jáde fún Táyé, ó sì dì í mú títí tó fi jókòó dáadáa. Ó padà wọlé, ó gbé èkejì wá fún mi. Ó tún wọlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Táyé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó jáde, àga kẹta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e síbi ògiri fún Kẹ́hìndé, níbi tó jìnnà díẹ̀ sí tiwa.